Àrùn Kókó Ara Màlúù: Iṣẹ́ Tí Ó Yẹ Kí Olówó Ẹran ní Òṣogbo Ti Ṣe Kí Òjò Tó Dé

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní màlúù ní Òṣogbo ni kì í da ẹran wọn fúnra wọn. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìyá oníṣòwò ní Ọjà Ọba, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba lè ní màlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú agbo Fúlàní kan ní gáà tí ó wà lójú ọ̀nà Ìlobù tàbí Ìkìrun, kí ó sì jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fojú kàn wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ìpè bá fi máa dé pé kókó ti ń yọ sí ara ẹran, àrùn náà yóò ti wà nínú agbo fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àwọn olówó ẹran bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, pẹ̀lú ẹni tí ó ń so màlúù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé tí ó ń já koríko fún un.

Àrùn kókó ara, tí àwọn dókítà ẹranko mọ̀ sí lumpy skin disease, jẹ́ àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́ ìbátan èyí tí ó ń fa ìgbóná àgùntàn àti ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n màlúù ni ó ń bá jà ní tirẹ̀. Kì í mú ènìyàn, bí ó ti wù kí ènìyàn fọwọ́ kan kókó náà tó. Orílẹ̀-èdè Zambia ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1929, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì rò pé májèlé tàbí oró kòkòrò ni ó ń mú kí ara ẹran wú. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1974, Íjíbítì ní ọdún 1988, ó sì wọ Íńdíà ní ọdún 2019, níbi tí ó ti pa màlúù lọ bẹẹrẹ ní ọdún 2022. Ní ọdún 2025, ó ti dé Ítálì àti Faransé. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àìmọ́tótó àwọn darandaran wa ni ó bí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ nígbà tí inú bá ń bí wọn.

Nínú màlúù 100 tí ó wà ní agbo tí àrùn náà wọ̀, àwọn tí yóò ṣàìsàn sábà máa ń wà láàárín 10 sí 20, àwọn tí yóò sì kú kì í sábà ju 5 lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé àrùn náà kò le. Ṣùgbọ́n abo màlúù tí ó bá mú yóò dín wàrà kù gidigidi, aboyún lè ṣẹ́ oyún, akọ lè máà lè gun abo mọ́ fún oṣù púpọ̀, ẹran tí ó sanra yóò rù kan egungun, awọ rẹ̀ yóò sì ní ihò káàkiri tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò pọ̀nmọ́ kò ní fẹ́ sanwó gidi lórí rẹ̀. Àdánù owó ni àrùn yìí fi ń bá olówó ẹran jà ju ikú lọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó wọ inú àlàyé yòókù: kò sí oògùn kankan tí ó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí nínú ara màlúù. Owó tí ẹ bá ná lẹ́yìn tí kókó ti yọ, owó ìtọ́jú ọgbẹ́ ni. Èyí tí ẹ bá ná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ara ẹran ṣì dán, ni ó ń dènà àrùn.

Bí ó ṣe ń ràn

Kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e kiri jù lọ: eṣinṣin tí ń ta màlúù, ẹ̀fọn, àti eégbọn. Bí eṣinṣin bá ń mu ẹ̀jẹ̀ lára màlúù tí ó ní àrùn, tí màlúù náà sì fi ìrù lé e kí ó tó yó, ara màlúù tí ó wà nítòsí ni yóò bà lé láti parí oúnjẹ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tí ó ti kó fáírọ́ọ̀sì ni yóò sì fi gún un. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi máa ń gbilẹ̀ nígbà òjò, nígbà tí omi dúró sí gbogbo kòtò tí koríko sì ga. Itọ́, ikun imú àti àtọ̀ akọ náà lè gbé e, bẹ́ẹ̀ náà sì ni abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹran kan tí a tún fi gún òmíràn.

Eṣinṣin kì í rin ìrìn àjò tí ó jìnnà. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó màlúù láti Òkè Ọya wá sí kárà ni ó ń gbé àrùn náà láti ìlú dé ìlú, lẹ́yìn náà ni àwọn eṣinṣin ibi tí a já ẹran sí yóò wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn màlúù kan tún wà tí fáírọ́ọ̀sì yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn láìjẹ́ pé kókó kankan yọ sí wọn lára. Ojú lásán kò lè dá irú wọn mọ̀ ní ọjà, ẹni tí ó bá sì ń gbẹ́kẹ̀ lé ojú rẹ̀ nìkan nígbà tí ó bá ń ra ẹran, ọwọ́ kádàrá ni ó fi agbo rẹ̀ sí.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ibà ni ó máa ń ṣáájú. Ara màlúù tí ó le sábà máa ń gbóná láàárín 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí àrùn yìí bá wọ̀ ọ́, ó lè kọjá 40.5. Ẹ ra tẹmómítà kan kí ẹ sì fi sílẹ̀ ní gáà, nítorí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye màlúù kan. Omi yóò máa jáde lójú ẹran náà, ikun yóò máa dà nímú rẹ̀, kò ní jẹ àpọ̀jẹ bí ó ti yẹ, bí ẹ bá sì fọwọ́ tẹ iwájú èjìká rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ ìbàdí rẹ̀ níwájú itan, ẹ óò bá kókó ńlá kan lábẹ́ awọ tí kì í hàn nígbà tí ara rẹ̀ le.

Lẹ́yìn èyí ni kókó yóò yọ jáde, ó sì lè jẹ́ òru ọjọ́ kan péré ni yóò fi bo ara ẹran. Ó wọ́pọ̀ ní orí, ọrùn, ẹsẹ̀, ọmú, àti abẹ́ ìrù. Ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 1 sí 5, irun orí rẹ̀ máa ń dìde, ó sì le koko lábẹ́ ìka. Bí ẹ bá fi ìka méjì mú un, ẹ óò rí i pé inú awọ gan-an ni ó wà, tí òun àti awọ jọ ń mì pọ̀. Nígbà tí ó bá yá, àárín kókó náà yóò kú, yóò dúdú, yóò sì gé ara rẹ̀ kúrò lára awọ tí ó yí i ká títí tí yóò fi jábọ́ bí ìdérí ìgò, tí ihò roboto yóò sì kù sílẹ̀. Inú ihò yẹn ni eṣinṣin máa ń yé ẹyin sí tí ìdin fi ń yọ. Irú kókó kan náà lè wà nínú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí a kò lè rí, òun ni ó sì fà á tí ẹran mìíràn kì í fi lè jẹun mọ́ nígbà tí ara rẹ̀ lóde kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àìsàn mìíràn jọ ọ́. Èyí tí àwọn darandaran ń pè ní kirchi náà fẹ́ràn àkókò òjò, ṣùgbọ́n èèpá ni tirẹ̀ ń ṣe lórí awọ, tí irun yóò lẹ̀ pọ̀ ní ṣùkù ṣùkù, tí ẹ bá sì fà á, èèpá náà yóò tẹ̀ lé irun jáde. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa kirchi, oògùn tí ó ń pa bakitéríà sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ó ṣe pàtàkì kí a má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ara tí ó wú nítorí oró kòkòrò sábà máa ń yọ láàárín wákàtí díẹ̀, kì í sì í pẹ́ kí ó tó lọ. Bí iyèméjì bá wà, dókítà ẹranko yóò gba èèpá kókó àti ẹ̀jẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti orílẹ̀-èdè wa wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, láti ọdún 1924 ni ó sì ti wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn yìí nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó fún ẹran ní ààbò tí ó péye. Bí òjò bá máa ń fìdí múlẹ̀ ní Òṣogbo láàárín oṣù Igbe, ó yẹ kí a ti gún gbogbo ẹran kí oṣù Èrèlé tó parí, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà ó pẹ́ tán. Ọdọọdún ni a ń tún un gún. Ẹni tí ó bá dúró títí di ìgbà tí ó gbọ́ pé àrùn ti wọ gáà kejì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ṣòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì sàn kí ó gún àwọn ẹran tí ara wọn le ju kí ó káwọ́ gbera lọ.

Ìṣòro kan wà tí ẹni tí ó ní màlúù mẹ́ta máa ń bá pàdé. Gbígbẹ ni oògùn àjẹsára náà máa ń wà nínú ìgò, a sì ní láti fi omi tirẹ̀ pò ó kí a tó gún un. Ìgò kan sábà máa ń tó ọ̀pọ̀ ẹran, bí a bá sì ti pò ó tán, láàárín wákàtí díẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lò ó tán. Dókítà kò ní ṣí odindi ìgò nítorí ẹran mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹ san owó gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí àwọn olówó ẹran tí ó wà ní gáà kan náà, pẹ̀lú olórí gáà, fẹnu kò sí ọjọ́ kan, kí wọ́n kó ẹran jọ ní àárọ̀ kùtù kí a tó dà wọ́n lọ jẹko, kí owó ìgò sì pín sórí gbogbo wọn. Ọ̀nà yìí ló lè jẹ́ kí iye ẹran tí a gún tó 80 nínú 100 ní àdúgbò kan, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó lè dá àrùn náà dúró. Nígbà tí ó wọ àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù ní ọdún 2015 àti 2016, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún káàkiri agbo gbogbo ni ó kápá rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè láìtijú. Ẹ béèrè bóyá èyí tí a dìídì ṣe fún àrùn kókó ara màlúù ni ó mú wá, tàbí èyí tí a ṣe fún ìgbóná àgùntàn; èkejì náà ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ààbò ti èkíní lágbára jù ú lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́ lára ìgò. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó gbọ́dọ̀ wà. Nínú ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, fíríìjì tí kò ní ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀ ni kí ó fi gbé e wá sí gáà, kí ó sì gbé e sí abẹ́ igi, kì í ṣe orí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ ẹran kan kò gbọ́dọ̀ wọ ara òmíràn. Mo mọ̀ pé èyí ń fi owó kún owó, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ó bá gba ara ẹran tí ó ti ní fáírọ́ọ̀sì kọjá lè tú u ká sínú agbo kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Aboyún tí ara rẹ̀ le ṣe é gún. Ọmọ màlúù tí ìyá rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ rí tí àrùn náà kò sì mú rí, ìgbàkúgbà ni a lè gún un. Ti ìyá tí ó ti gbà á, tàbí tí ó ti ṣe àìsàn náà rí, kí ó pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ná, nítorí ààbò tí ó mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ náà di asán. Ẹran tí ibà ń ṣe lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ojú abẹ́rẹ́ lè wú díẹ̀, wàrà sì lè dín kù fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí kókó bá yọ sí ẹran kan lára ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe gan-an pé àrùn náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ó lè sápamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin kí ó tó hàn. Láti inú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ń jà ràn-ìn ti jáde, pé abẹ́rẹ́ ni ó ń kó àrùn wá, ó sì ti mú kí àwọn gáà kan ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà. Ẹ ya fọ́tò ẹran kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù yín ní ọjọ́ tí a gún un, kí ẹ kọ déètì rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn darandaran mọ ẹran wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nílò ẹ̀rí tiyín.

Eṣinṣin, ẹ̀fọn àti eégbọn

A kò lè pa eṣinṣin Òṣogbo tán, pàápàá ní àwọn ibi tí odò Ọ̀ṣun àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń ṣàn gbà. Ohun tí a lè ṣe ni kí a dín wọn kù. Eṣinṣin tí ń ta màlúù máa ń yé sínú ìgbẹ́ tí ó tutù àti koríko tí ó ti ń jẹrà, ó sì ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹyin tó di eṣinṣin. Bí ẹ bá ń kó ìgbẹ́ ibùso kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ sì ń tẹ́ ẹ sí oòrùn kí ó gbẹ, ẹyin kò ní ráyè dàgbà. Èéfín tí àwọn Fúlàní ń dá fún ẹran ní ìrọ̀lẹ́ wúlò, kì í ṣe àṣà lásán. Oògùn tí a ń dà sí ẹ̀yìn ẹran, irú èyí tí deltamethrin wà nínú rẹ̀, wúlò fún eṣinṣin àti eégbọn, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ má ṣe lo oògùn kòkòrò oko tí a pò mọ́ epo kẹrosíìnì, ẹ má sì ṣe fọ ìkòkò tàbí aṣọ tí oògùn wà lára rẹ̀ sínú odò, nítorí ó ń pa ẹja.

Ẹran tuntun àti àkókò Iléyá

Ọjọ́ 28 ni kí ẹran tuntun lò ní òun nìkan kí ó tó wọ agbo, níbi tí ó jìnnà díẹ̀ sí àwọn yòókù, kí a máa wo ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo gbà pé ó nira, pàápàá fún ẹni tí kò ní ju ọgbà kan lọ. Àmọ́, bí ìgbà Iléyá bá dé, ìnira rẹ̀ kéré sí èyí tí ó lè tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 16 oṣù Okúdù ni Iléyá bọ́ sí ní ọdún 2024, ní ọdún 2025 sì ni ó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kan náà. Ìyẹn ni pé àkókò tí ẹran ń ya wọ ìlú ti pàdé àkókò tí eṣinṣin pọ̀. Màlúù tí àwọn ènìyàn dá owó rà láti pa fún ọdún, ẹ má ṣe so ó mọ́ àwọn tí ẹ ń sìn, kódà bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré.

Bí kókó bá ti yọ

Ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dá ìrìn gbogbo agbo náà dúró: kò sí èyí tí yóò lọ sí kárà, kò sí akọ tí a óò yá ẹlòmíràn. Ẹ fi tó dókítà ẹranko ìjọba létí, yálà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí ní ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀, nítorí àrùn tí a gbọ́dọ̀ ròyìn ni.

Ìtọ́jú tí ó kù jẹ́ ti ìrànlọ́wọ́. Ẹ fún ẹran ní ibòji, omi púpọ̀, àti koríko rírọ̀ tí kò ní dùn ún lẹ́nu. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ ọgbẹ́, kí ẹ sì fi oògùn tí ń lé eṣinṣin yí i ká. Dókítà lè gún oxytetracycline kí bakitéríà má baà wọ ojú ọgbẹ́ àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fi oògùn ìrora àti ibà kún un. Ohun tí mo lòdì sí ni àṣà pé kí ẹnì kan tí ó gbé àpò oògùn kọ́ èjìká máa gún gbogbo agbo ní ivermectin àti oògùn bakitéríà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí èyí tí ó ń pa fáírọ́ọ̀sì nínú méjèèjì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ eṣinṣin.

Ẹran tí ó bá kú, ẹ sin ín jìn, kí ajá má baà wú u. Èèpá tí ó jábọ́ lára ẹran ṣe pàtàkì, nítorí fáírọ́ọ̀sì lè wà láàyè nínú èèpá gbígbẹ fún ọjọ́ 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ sí i ní ibùso tí òkùnkùn wà. Ẹ gbá a jọ, kí ẹ sun ún, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀ kí ìgbẹ́ kúrò pátápátá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó da blíìsì tí agbára rẹ̀ tó ìdá 2 sí 3 nínú 100 sí i. Blíìsì tí a dà lé ìgbẹ́ lórí kò ṣe nǹkan kan.

Ìdánwò tí ó máa ń dé bá olówó ẹran ni pé kí ó sáré ta èyí tí ara rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ jù fún alápatà. Ẹran àrùn yìí kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n màlúù tí ibà ń ṣe tàbí tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀ kò yẹ fún jíjẹ; ọjọ́ tí ó yẹ kí a dúró wà lára ìgò oògùn, wòlé-wòlé ní odò ẹran ni ó sì ní àṣẹ láti sọ èyí tí yóò wọ ọjà. Bákan náà ni wàrà: títí oògùn yóò fi kúrò lára ẹran, ẹ má ṣe fi í fún àwọn tí ń sè é tà.

Lẹ́yìn tí èèpá ìkẹyìn bá ti jábọ́ tí ara sì ti jinná, ẹ ka ọjọ́ 28 kí ẹ tó ra ẹran mìíràn wọ agbo tàbí kí ẹ tó tú agbo sílẹ̀ láti lọ sí ibòmíràn. Ti akọ yàtọ̀, nítorí fáírọ́ọ̀sì lè wà nínú àtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti dán. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pàdà gun abo. Màlúù tí ó la àrùn náà já kì í gbé e kiri títí ayé, ara rẹ̀ sì ti kọ́ bí yóò ṣe bá a jà, nítorí náà kò sí ìdí láti ta á ní ẹ̀dínwó nítorí àpá tí ó wà lára rẹ̀.